Bí a ṣe ń sọ kọ̀mpírẹ́sọ̀ AC ọkọ̀ di ẹ̀rọ atẹ́gùn tó ń bá ọkọ̀ rìn

Ẹni tó bá ń ná ọ̀nà oko Bùnú, tàbí tó ń fi Hilux kó iṣu àti pákó jáde láti inú igbó Yàgbà, mọ̀ pé fọkanáísà kì í sí níbi tí táyà ti ń jò. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń kì bọ ihò sìgá nínú ọkọ̀ ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n táyà ńlá mẹ́rin á ti tán an lókun. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ tó lágbára jù ú lọ dáadáa ti wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tẹ́lẹ̀: kọ̀mpírẹ́sọ̀ AC, tó ń fún gáàsì pọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó ń rìn ní Kábbà, Ìsánlú àti Mọ́pà, AC ti kú tipẹ́, púlì kọ̀mpírẹ́sọ̀ rẹ̀ ṣì ń yí lásán lẹ́nu bẹ́líìtì.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò agbára rẹ̀. Kọ̀mpírẹ́sọ̀ Sanden SD7H15 ń gbé 155 cc atẹ́gùn ní ìyípo kan. Bí ẹ́ńjìnì bá ń yí ní 1,500 ní ìṣẹ́jú kan, tí púlì ẹ́ńjìnì sì fi díẹ̀ tóbi ju ti kọ̀mpírẹ́sọ̀, kọ̀mpírẹ́sọ̀ á máa yí tó 1,900. Lórí ìwé, ìyẹn lé ní 290 lítà ní ìṣẹ́jú kan. Ooru àti àyè tó máa ń ṣẹ́ kù lórí písítìnì á jẹ nínú rẹ̀, nítorí náà ẹ ka nǹkan bí 180 lítà sí òótọ́. Táyà 265/65R17 tó ṣófo pátápátá ń gba nǹkan bí 160 lítà kó tó dé 35 psi. Ìṣẹ́jú kan sí méjì nìyẹn.

Ohun tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe atẹ́gùn, ọ́ìlì ni. Nínú AC, gáàsì ló ń gbé ọ́ìlì kiri: ọ́ìlì á bá gáàsì jáde, á yí gbogbo páìpù ká, á sì tún bá a wọlé padà láti ẹnu tó ń fà. Ọjọ́ tí ẹ bá já páìpù, tí ẹ ní kí kọ̀mpírẹ́sọ̀ máa fa atẹ́gùn ìta, ọ́ìlì tó bá jáde ti lọ nìyẹn, kò mọ ọ̀nà àbọ̀. Láàárín wákàtí díẹ̀, inú rẹ̀ á gbẹ, á gbóná, á fún. Nítorí náà, ìdajì iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ yìí ni bí ọ́ìlì ṣe máa dé inú kọ̀mpírẹ́sọ̀. Ìdajì kejì ni bí kò ṣe ní dé inú táyà.

Kọ̀mpírẹ́sọ̀ tó yẹ

Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára kí ẹ tó tú bóòtù kankan. Bàbá gbogbo wọn fún iṣẹ́ yìí ni York àtijọ́, tó dúró gbọnrin bí ẹ́ńjìnì kékeré, tó ní písítìnì méjì àti àyè ọ́ìlì tirẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹni tó bá rí i kó má jẹ́ kó lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Sanden SD508, SD510 àti SD7H15. Ọ́ìlì máa ń dúró díẹ̀ nínú ikùn àwọn wọ̀nyí, ó ń ta sára bíárìnnì bí wọ́n ti ń yí, nítorí náà wọ́n máa ń fara dà á.

Denso 10PA15, 10PA17, 10S15 àti 10S17 tó wà lára ọ̀pọ̀ Toyota ṣeé lò pẹ̀lú, ṣùgbọ́n wọn kò ní àyè tí ọ́ìlì lè pọ̀ sí nísàlẹ̀. Ohun tó bá wọlé láti ẹnu tó ń fà nìkan ni wọ́n ń jẹ. Bí ẹ ò bá ní lè máa fún un ní ọ́ìlì déédéé, ẹ má fi Denso ṣe é.

Ẹ sá fún SD7V16 tó wà lára Golf 3. Lẹ́tà V yẹn túmọ̀ sí pé kọ̀mpírẹ́sọ̀ náà máa ń dín ìgbésẹ̀ písítìnì rẹ̀ kù fúnra rẹ̀ nígbà tí agbára gáàsì ní ẹnu tó ń fà bá lọ sílẹ̀. Atẹ́gùn ìta lásán kò ní agbára kankan lójú rẹ̀, nítorí náà á máa yí, kò ní tì. Bákan náà ni 6SEU àti 7SEU lára àwọn Toyota tó jẹ́ tuntun díẹ̀. Èyí tó ní abẹ̀bẹ̀ nínú, àti èyí tó jẹ́ irin méjì tó ká bí ìkarahun ìgbín, ẹ fi wọ́n sílẹ̀: ọ́ìlì púpọ̀ tó ń bá gáàsì rìn ló ń dí àlàfo inú wọn, atẹ́gùn gbígbẹ á sì jẹ wọ́n run.

Kí ẹ tó sanwó fún èyíkéyìí, ẹ fi ọwọ́ yí àárín kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ohun iwájú tó ń so púlì mọ́ ọ̀pá rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ yí láìha, kí ẹ sì mọ̀ ọ́n lára pé nǹkan ń tì nínú rẹ̀. Ẹ fi àtàǹpàkò dí ẹnu tí wọ́n kọ D sí, èyí tí atẹ́gùn ń gbà jáde, kí ẹ yí i lẹ́ẹ̀kan sí i: atẹ́gùn gbọ́dọ̀ ti ìka yín kúrò. Ẹ fi mítà wọn kọ́ìlì kílọ́ọ̀ṣì, nǹkan bí 3 sí 4 ohm ló yẹ kó jẹ́. Ẹ da ọ́ìlì rẹ̀ sí àwo funfun. Bí ó bá dúdú, tí nǹkan bí àtíkè fàdákà sì ń tàn nínú rẹ̀, irin ti ń jẹ irin. Ẹ dá a padà fún ẹni tó ni ín.

Bí AC yín bá ṣì ń tutù, ẹ má tú u. Oòrùn oṣù kẹta ní Lọ́kọ́jà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi AC tó dára ṣeré. Ẹ wá kọ̀mpírẹ́sọ̀ kejì, kí wẹ́dà ṣe búrákẹ́ẹ̀tì fún un níbi tí àyè bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnì.

Ohun tí ẹ máa kó jọ

Yàtọ̀ sí kọ̀mpírẹ́sọ̀: táǹkì irin 10 sí 20 lítà, séfútì fáàfù 150 psi méjì (òun ló ń tú atẹ́gùn dànù bí agbára bá pọ̀ jù), fáàfù nọ́n-rítọ́ọ̀nù (èyí tí kì í jẹ́ kí atẹ́gùn padà sẹ́yìn) kan tó lè gba ooru, irin ni kó jẹ́, kì í ṣe ike, géèjì tó ń ka títí dé 200 psi, súwíìṣì agbára atẹ́gùn tó ń tan ní 90 psi tó sì ń pa ní 120 psi, irú èyí tó máa ń bá fèrè atẹ́gùn ọkọ̀ ńlá wá, ohun tó ń gba ọ́ìlì àti omi sílẹ̀, tí ìkòkò rẹ̀ jẹ́ irin, rílèè 12 V oní-30 A pẹ̀lú fíùsì 15 A, họ́ọ̀sì Teflon tí wọ́n fi wáyà hun lára, ìdajì mítà, páìpù kọ́pà 3/8 tí àwọn oníṣẹ́ fìríìjì ń lò, mítà kan ààbọ̀, fílítà kékeré, sìríńjì 5 ml láti kẹ́mísítì, àti lítà kan ọ́ìlì kọ̀mpírẹ́sọ̀ atẹ́gùn, ISO 100.

Ọ̀rọ̀ táǹkì nìyí, kí ẹ sì fara balẹ̀ kà á. Èyí tó dára jù ní agbègbè wa ni táǹkì atẹ́gùn búréèkì tírélà. Tírélà tó ń ná ọ̀nà Ọbájànà kò kéré, kì í sì í ṣòro láti rí táǹkì tòkunbọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń tú wọn. Iṣẹ́ atẹ́gùn ni wọ́n ṣe é fún, ó sì ti ní ihò tó ní tírẹ́ẹ̀dì lára. Ẹ má ṣe lo sìlíńdà tí wọ́n fi ń ta gáàsì AC. Irin rẹ̀ fẹ́lẹ́, ìlò ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ṣe é fún, omi inú atẹ́gùn á sì máa jẹ ẹ́ láti inú níbi tí ojú ò tó. Ọjọ́ tó bá bẹ́, ó ń fò bí ọta ìbọn. Sìlíńdà gáàsì ìdáná náà kò yẹ, ẹ má sì jẹ́ kí wẹ́dà tan iná sí i lára nítorí pé òórùn ti lọ.

Kódà táǹkì tírélà, ẹ dán an wò kí ẹ tó gbé e sọ́kọ̀. Ẹ rọ omi kún un títí tí kò fi ní sí atẹ́gùn kankan nínú rẹ̀, kí ẹ fi pọ́ọ̀ǹpù ọwọ́ ti omi náà dé 200 psi, kí ẹ dá a dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Omi kì í bú gbàù: bí irin bá ṣán, á kàn jò ni. Táǹkì tí ìpáta ti jẹ nísàlẹ̀ kì í ṣe èyí tí à ń fi wẹ́dà lẹ̀.

Bíbọ́ gáàsì kúrò

Bí gáàsì bá ṣì wà nínú AC náà, oníṣẹ́ AC tó ní ẹ̀rọ tó ń fa gáàsì padà sínú sìlíńdà ni kó bọ́ ọ. R134a, gáàsì inú AC, ń hó ní −26 °C. Bí ó bá tú sí ọwọ́ tàbí ojú, ó ń dì í lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kílò kan rẹ̀ tó bá sì lọ sójú ọ̀run ń mú ayé gbóná bí 1,430 kílò èéfín kábọ́ọ̀nù. Kò sí ìdí láti tú u dànù.

Pípààrọ̀ ọ́ìlì

Ọ́ìlì PAG tó wà nínú AC máa ń mu omi láti inú atẹ́gùn bí iyọ̀ ṣe ń mu ún. Bí ó bá mu ún yó tán, á kan, á sì máa jẹ irin. Nítorí náà gbogbo rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ jáde.

Ẹ tú kọ̀mpírẹ́sọ̀ kúrò, ẹ tú ìdí bóòtù ọ́ìlì rẹ̀ (Sanden ní in lára), kí ẹ dojú rẹ̀ kọlẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ yí kílọ́ọ̀ṣì ní ìgbà 15 kí èyí tó sá pamọ́ lè ṣàn. Ẹ bu 50 ml ọ́ìlì tuntun sí i, ẹ yí i, ẹ dà á nù. Ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì, nítorí PAG àti ọ́ìlì kọ̀mpírẹ́sọ̀ kì í pò pọ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ wọn 120 sí 150 ml sí Sanden láti ihò bóòtù. Ti Denso, ẹ rọ 80 ml sí ẹnu S, ẹnu tó ń fà, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa fi ọwọ́ yí i bí ó ti ń wọlé.

Ọ̀pọ̀ máa ń da ọ́ìlì ẹ́ńjìnì 20W-50 sí i nítorí òun ló wà nílé. Kẹ́míkà tó ń fọ ẹ́ńjìnì nínú rẹ̀ máa ń di omi mú, á sì jóná di èédú lórí fáàfù nínú ooru ẹnu D. Ọ́ìlì ISO 100 kò wọ́n tó kọ̀mpírẹ́sọ̀ tuntun.

Ohun tó kù: kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnì lẹ́yìn tí ẹ bá da ọ́ìlì sí i, ẹ fi ọwọ́ yí kílọ́ọ̀ṣì ní ìgbà mẹ́wàá pẹ̀lú ẹnu méjèèjì ní ṣíṣí. Ọ́ìlì kì í fún pọ̀ bí atẹ́gùn. Bí ó bá wà lórí písítìnì nígbà tí ẹ́ńjìnì bá gbá a, fáàfù pẹlẹbẹ inú rẹ̀ á ṣẹ́.

Dídè é padà àti páìpù

Kọ̀mpírẹ́sọ̀ tó wà ní àyè rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò ní wàhálà. Ti búrákẹ́ẹ̀tì tuntun ni kí ẹ fi irin gígùn wọn ojú púlì: bí ó bá fi ju 2 mm yà sí ẹ̀gbẹ́, bẹ́líìtì á máa jẹ ara rẹ̀. Ẹ fa bẹ́líìtì le tó pé, bí ẹ bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ ní àárín ibi tó gùn jù, á wọlé nǹkan bí 10 mm. Àlàfo kílọ́ọ̀ṣì kó wà láàárín 0.4 àti 0.8 mm.

Fún Toyota tí ẹnu páìpù rẹ̀ jẹ́ pẹlẹbẹ alumíníọ̀mù oní-bóòtù kan, ẹ má sọ orí páìpù àtijọ́ nù. Ẹ gé e ní 5 cm, kí ẹ gbé e fún tọ́nà tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin kó gbẹ́ tírẹ́ẹ̀dì 3/8 sí i. O-ring (òrùka rọ́bà) tuntun ni kí ẹ fi sí i, kí ẹ fi ọ́ìlì pa á lára.

Ẹnu tó ń fà ló ń pinnu ọjọ́ ikú kọ̀mpírẹ́sọ̀. Eruku pupa ọ̀nà wa nígbà ọyẹ́ dà bí sáńpépà nínú rẹ̀. Ọ̀nà tó dára jù ni kí ẹ fa họ́ọ̀sì láti inú àpótí fílítà ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ tí atẹ́gùn ti mọ́. Bí ọkọ̀ náà bá ní sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn atẹ́gùn, ẹ gbà á láàárín fílítà àti sẹ́ńsọ̀, má kọjá sẹ́ńsọ̀; bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á ka atẹ́gùn tí ẹ́ńjìnì kò rí, á sì tú epo ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tó bá fi fílítà kékeré sí i lọ́tọ̀, kó gbé e ga sókè, kó jìnnà sí odò tí ọkọ̀ máa là kọjá.

Sí ara họ́ọ̀sì yìí, nítòsí kọ̀mpírẹ́sọ̀, ẹ fi ìkòrítà oní-T kan tí bóòtù wà lórí rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ máa ti fi sìríńjì fún un ní ọ́ìlì: 5 ml lẹ́yìn gbogbo wákàtí kan tó bá ṣiṣẹ́ fún Denso, 5 ml lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta fún Sanden. Ẹ fún un nígbà tí ẹ́ńjìnì bá dúró. Ẹlòmíràn máa ń fi ẹ̀rọ tó ń kán ọ́ìlì síbẹ̀, ó dára, ṣùgbọ́n sìríńjì kì í dí, ó sì ń jẹ́ kí ẹ mọ iye tí ẹ fi sí i gan-an.

Láti ẹnu D, atẹ́gùn á máa jáde ní ooru tó kọjá ti omi híhó. Họ́ọ̀sì rọ́bà fọkanáísà á rọ̀, á sì bẹ́. Teflon ni kó kọ́kọ́ kúrò lára kọ̀mpírẹ́sọ̀, nítorí ẹ́ńjìnì ń gbọ̀n, kọ́pà tó bá so mọ́ ọn tààrà á sán. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kọ́pà, tí ẹ ká lẹ́ẹ̀kan bí òrùka níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń kọjá, kí atẹ́gùn tutù nínú rẹ̀. Bí ó bá tutù, ọ́ìlì àti omi á di ẹ̀kán, ìkòkò ìgbọ́ìlì á sì lè mú wọn. Bí ìkòkò náà bá sún mọ́ kọ̀mpírẹ́sọ̀ jù, ooru á gbé ọ́ìlì kọjá bí èéfín. Séfútì fáàfù àkọ́kọ́ wà lórí kọ́pà yìí, ṣáájú nọ́n-rítọ́ọ̀nù, nítorí pé bí ẹnikẹ́ni bá fi nọ́n-rítọ́ọ̀nù sí i lódì, atẹ́gùn ò ní ibòmíràn tó máa gbà. Lẹ́yìn ìkòkò ni nọ́n-rítọ́ọ̀nù, kí ọfà ara rẹ̀ kọjú sí táǹkì.

Táǹkì dùbúlẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀, kúrò nítòsí páìpù èéfín. Séfútì fáàfù kejì, géèjì àti súwíìṣì agbára wà lókè rẹ̀. Fáàfù omi wà nísàlẹ̀ pátápátá. Láti ara táǹkì ni họ́ọ̀sì á ti lọ sí kọ́pùlà tí ẹ máa so họ́ọ̀sì táyà mọ́.

Wáyà

Ẹ já wáyà kílọ́ọ̀ṣì kúrò lára èyí tó wà tẹ́lẹ̀, kí ẹ fi téèpù di i. Súwíìṣì agbára gáàsì àtijọ́ kò ní jẹ́ kó tan rárá, nítorí lójú rẹ̀ gáàsì ti tán.

Láti bátìrì, wáyà tó nípọn gba inú fíùsì 15 A lọ sí ẹsẹ̀ 30 rílèè. Ẹsẹ̀ 87 lọ sí kílọ́ọ̀ṣì. Iná tó ń wá láti kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ gba súwíìṣì iwájú awakọ̀, ó gba súwíìṣì agbára atẹ́gùn, ó sì dé ẹsẹ̀ 86. Ẹsẹ̀ 85 lọ sí irin ọkọ̀. Báyìí, bí kọ́kọ́rọ́ bá ti pa, kílọ́ọ̀ṣì ti pa. Kí ríwáyà fi dáyóòdù kan dábùú kọ́ìlì kílọ́ọ̀ṣì, kí ìlà rẹ̀ kọjú sí wáyà iná, nítorí kọ́ìlì máa ń ta iná padà nígbà tó bá pa, ìyẹn ló ń jó ojú rílèè.

Kílọ́ọ̀ṣì ń jẹ nǹkan bí 3 sí 4 A. Bí irin tí ẹ so ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ bá ní ìpáta tàbí ọ̀dà, kò ní rí iná tó, á máa yọ̀, á gbóná, òórùn jíjó á jáde.

Títan àkọ́kọ́

Ẹ ṣí kọ́pùlà sílẹ̀, kí ẹ tan ẹ́ńjìnì, kí ẹ tẹ súwíìṣì fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kí ẹ fi aṣọ funfun síwájú ẹnu họ́ọ̀sì. Ọ́ìlì díẹ̀ á jáde níbẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ń tu bí ìfọ́fó, ẹ ti da ọ́ìlì jù. Ẹ wá dí kọ́pùlà, kí ẹ wo géèjì. Táǹkì 20 lítà yẹ kó dé 120 psi láàárín ìṣẹ́jú kan sí méjì ní 1,500 ìyípo, kí kílọ́ọ̀ṣì sì jábọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ fi omi ọṣẹ pa gbogbo orí páìpù. Kí ẹ sì fa òrùka séfútì fáàfù lẹ́ẹ̀kan láti rí i pé kò lẹ̀.

Kọ̀mpírẹ́sọ̀ yìí kì í ṣe ti fọkanáísà tó ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó bá tì láìdúró, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tutù. Ẹ má jẹ́ kí ẹ́ńjìnì kọjá 2,500 nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́.

Nídìí táyà, ẹ rántí pé 120 psi ló wà lẹ́yìn họ́ọ̀sì, táyà yín sì fẹ́ 35. Ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ dúró sí, kì í ṣe iwájú ògiri táyà, kí ẹ máa dá a dúró láti fi géèjì wọ̀n ọ́n.

Bí ó bá ń ṣe ségesège

Bẹ́líìtì ń ké nígbà tí kílọ́ọ̀ṣì bá mú: ó dẹ̀, tàbí ọ́ìlì ta sí i. Agbára ń gòkè ṣùgbọ́n ó ń lọ sílẹ̀ ní kété tí ẹ́ńjìnì bá pa: nọ́n-rítọ́ọ̀nù ti dọ̀tí, èédú dúdú lára rẹ̀ ń sọ fún yín pé ooru pọ̀ jù tàbí ọ́ìlì kò tọ̀nà. Kò kọjá 60 tàbí 70 psi: ẹ kọ́kọ́ wo fílítà, kó tó wá kan fáàfù inú kọ̀mpírẹ́sọ̀. Ẹ́ńjìnì ń kú nígbà tó bá mú: ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì máa yí yára díẹ̀ sí i kí ẹ tó tẹ súwíìṣì. Ọ́ìlì ń jò láti ẹ̀yìn kílọ́ọ̀ṣì: rọ́bà ọ̀pá rẹ̀ ti gbẹ, oníṣẹ́ AC lè pààrọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ohùn irin nínú rẹ̀, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá fún pa lórí bẹ́líìtì kan náà tó ń yí pọ́ọ̀ǹpù omi, á já bẹ́líìtì, ẹ́ńjìnì á sì gbóná lójú ọ̀nà.

Ìtọ́jú

Ẹ tú omi táǹkì lójoojúmọ́ ní ìgbà òjò, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ da ìkòkò ìgbọ́ìlì nù nígbà kan náà, kí ẹ wọn ohun tó wà nínú rẹ̀ bí ẹ bá lè wọ̀n ọ́n, nítorí iye tó bá jáde ló ń sọ iye tó yẹ kí ẹ fi sìríńjì dá padà. Èyí tó jáde yẹn gan-an, ẹ má tún un lò, omi ti pò mọ́ ọn, ó ti funfun bí ògì. Fílítà, ẹ gbọ̀n ọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nígbà ọyẹ́. Lẹ́yìn wákàtí 50 tó bá ti ṣiṣẹ́, ẹ da ọ́ìlì inú Sanden nù pátápátá, kí ẹ wọn 120 ml tuntun sí i, kí ẹ sì fi ọwọ́ yí i ní ìgbà mẹ́wàá kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnì.